Eyín Ẹlẹ́nu Wúrà

Ẹni tó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í, ṣé irọ́ ló pa? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ sílé ìkẹyìn, wọ́n sì ń pè mí ní alàgbà nínú ìjọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ṣì ga ju orí mi lọ. Mo ti gbé e tọ Ọlọ́run lọ lórí eékún. Bóyá Ó ti dá mi lóhùn tí etí mi kò gbọ́, mi ò mọ̀. Nítorí ọkùnrin kan tó ń rán bàtà ni mo ṣe ń béèrè. Ó mọ̀ pé mò ń kọ ọ́.

Ẹlẹ́nu Wúrà là ń pè é. Orúkọ ẹ̀gàn ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ afọnfèrè ìjọ: fèrè idẹ kékeré tó ń dún ketekete ni tirẹ̀, èyí ràbàtà tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta ni tèmi. Ìjọ ló ni àwọn fèrè náà, wọn kò sì tó wa, torí náà ẹni tó bá fọn tán á fi apá ẹ̀wù nu ẹnu fèrè, á gbé e fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó wá di ọdún kan, ọkùnrin yìí ṣàdédé lọ ra ẹnu fèrè tara rẹ̀, irin kékeré tí à ń kì bọ orí fèrè kí a tó fẹnu sí i. Ó wé e sínú áńkáṣíìfù funfun, ó tì í sápò àyà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ní, "Ẹ má bá a wí o. Ẹnu idẹ ni tiwa, ẹnu wúrà ni tirẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn bí gọ́ọ̀mù ara bàtà, débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ń fi pè é nílé.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an, ẹni tó bá ga ní láti tẹrí ba kó tó wọlé, òun á sì ti ibi tó jókòó sí sọ pé, "Ẹ dìde, ẹ ti kí mi tó." Bàtà wà lára ògiri, bàtà wà lábẹ́ àga, bàtà tí ẹni tó ni wọ́n ti gbàgbé wọn wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń ka gìgísẹ̀ bàtà bí àwa ṣe ń ka ìwé. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ lápá òde, ó ní onítọ̀hún kì í gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ lápá inú, ó ní ti ìyàwó nìkan ló ń gbọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé tèmi ńkọ́. Ó yí bàtà mi po, ó ní, "Alàgbà, tiyín jẹ dọ́gba. Ẹ̀rù ìyàwó àti ẹ̀rù Ọlọ́run ló jọ jẹ ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ń dirun lójú títì kan náà. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, kálukú ti gba ilé tirẹ̀ lọ. Ìyá tó bí Ẹlẹ́nu Wúrà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kù lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àṣẹ ilé wà, pàápàá àṣẹ ilé ìdáná.

Eyín ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ti òkè iwájú, níbi tí ẹnu fèrè ń fara tì. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tó dé ibi tí orin ti ń gòkè, fèrè rẹ̀ ya bí aṣọ gbígbó. Àwọn èèyàn yíjú wò wá. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò fọn rárá. Ó gbé fèrè sórí itan, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Afọnfèrè tí eyín iwájú rẹ̀ bá lọ, fèrè rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin yìí, fèrè kì í ṣe eré. Ó ti sọ fún mi rí pé nídìí fèrè nìkan ni òun ti máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí òun kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

A gbàdúrà fún un níbi ìdánrawò. Èmi ni mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Mo gbàdúrà títí òógùn fi bò mí, mo sì gbà gbọ́, lóòótọ́ ni mo gbà gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú bíi búrẹ́dì. Mi ò sọ bó ṣe rí lára mi fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn wo ọwọ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ìyàwó rẹ̀ sáré wá pè mí. Ó ní kí n wá wo ohun tí ọkọ òun ń sè. Mo rò pé oúnjẹ ni. Nígbà tí mo dé ilé ìdáná wọn, omi ń hó lórí iná, ẹ̀mú tó fi ń fa ìṣó kúrò lára bàtà ló sì wà nínú omi náà. Ẹlẹ́nu Wúrà jókòó sórí àpótí, ó gbé dígí kékeré ti ògiri, ó ta aṣọ ìnura sọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ gẹrun.

"Alàgbà, ẹ bá mi bi í," ni ìyàwó wí. "Ṣé eyín ló fẹ́ yọ ni, àbí gìgísẹ̀?"

"Ìṣó ni ìṣó ń jẹ́," ni ọkọ fèsì láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì dára. "Ohun tó bá wọlé, á jáde."

"Bó bá wá kán sínú ńkọ́? Ẹ máa fi awọ lẹ̀ ẹ́ ni?"

Mo pa iná. Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ọsibítù ńlá kò kúkú jìnnà. Tọkọtaya náà wo ara wọn, irú wíwò tí wọ́n fi ń bi ara wọn ní "ṣé ká sọ?" Ìyàwó rẹ̀ mi orí díẹ̀. Ó yọjú wo yàrá, ó rí i pé Ìyá Àgbà ń sùn, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Ẹlẹ́nu Wúrà wá sọ fún mi pé HIV wà lára òun. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ó ní ọdún tí òun fi rù tí gbogbo wa ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Wọ́n yẹ ìyàwó wò, wọn ò rí nǹkan kan, títí dòní wọn ò rí i. Àwọn èèyàn a máa pe ọ̀rọ̀ náà ní kògbóògùn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gbóògùn, ó tiẹ̀ gbọ́ràn ju ọmọ iléèwé lọ: hóró kan ló ń lò lálaalẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í sì í rí kòkòrò náà mọ́, nọ́ọ̀sì ní kò lè ran ìyàwó. Bó ṣe dé ara rẹ̀, kò sọ, mi ò sì béèrè. Ó ní òun mọ̀, ìyàwó òun mọ̀, Ọlọ́run mọ̀, àwọn mẹ́ta yẹn sì tó.

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ nípa ẹnu fèrè. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un, kò mọ ọ̀nà tí àìsàn náà ń gbà ràn. Ó rò pé itọ́ òun lè pa wá. Ó lọ ra tirẹ̀, ó fara mọ́ ẹ̀gàn, kí àwa má baà kú. Ìgbà tó yá ni nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé kì í ràn nínú itọ́, kì í ràn nínú ife, kì í ràn nínú fèrè. Ṣùgbọ́n orúkọ ti lẹ̀. Ó ní bí òun bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnu fèrè kiri fún wa, ọ̀gá ẹgbẹ́ á fẹ́ mọ ohun tó tú wúrà ká.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló parọ́ fún. Ìyá Àgbà rí i tó ń gbé oògùn mì, ó bi í pé oògùn kí ni, ẹnu rẹ̀ sì yọ̀: ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti gba agolo iyọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ilé. Gbogbo ilé ló ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò ru. Ìyàwó ní òun a máa di iyọ̀ sí etí aṣọ bí ẹni tó ń jalè nílé ara rẹ̀. Nígbà tí eyín wá dé, tí ọkọ fẹ́ fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, Ìyá Àgbà já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé ó fẹ́ pa ara rẹ̀ ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná yẹn, Ẹlẹ́nu Wúrà fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kí ẹ̀rín má baà dùn ún.

Ní ti ọsibítù, ó ti lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń fún un lóògùn ló kọ́ ọ pé kó máa sọ fún dókítà èyíkéyìí tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ. Wọ́n ní kó jókòó. Ẹni tó bá níbẹ̀ wọlé, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wọlé, ẹni tó dé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀ náà wọlé. Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan yọjú sí i, ó wọ ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́, ó ní ẹ̀rọ ti bàjẹ́, kó padà wá. Ó padà lọ. Ẹ̀rọ ṣì bàjẹ́.

"Ṣùgbọ́n Alàgbà," ó ní, "mò ń gbọ́ ọ tó ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

Ìyàwó ti gbọ́ nípa dókítà eyín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá sókè ilé ìtajà oògùn, kò jìnnà sí wa. Ó ní kí ọkọ òun lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sọ ohunkóhun. Bí wọ́n bá ní kó ya ẹnu, kó yà á. Ọ̀rọ̀ ni kó má jẹ́ kó gba ibẹ̀ jáde. Ẹlẹ́nu Wúrà wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin lalàgbà. Bí mo bá dákẹ́, ṣé mo ti parọ́?"

Mo ya ẹnu láti dáhùn. Mo wá ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Bí ọ̀kan bá wá láti ọ̀tún, òmíràn á wá láti òsì bá a jà. Mo ní, "Màá bá ẹ lọ." Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, ó mọ̀, èmi náà mọ̀.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, òórùn kànáfùrù àti ọṣẹ ìfọlẹ̀ sì ti pàdé wa kí a tó gùn ún tán. Àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kálukú fi ọwọ́ ti àgbọ̀n. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹni tí à ń pè ní Ohùn Òkè ni, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ìjọ wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń gun òrùlé. A ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ríṣẹ́ tuntun. Ohùn náà kì í sì í ṣe ti orin nìkan: ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu géètì, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́ kí ìwàásù tó parí.

"Bàbá Alàgbà, ẹ káàbọ̀ sà," ó ní, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó wo ẹnì kejì mi. "Ẹnu wúrà ọ̀hún náà ló wú báyìí?"

Ẹlẹ́nu Wúrà kò lè rẹ́rìn-ín. Ó di apá ẹ̀wù mi mú, bí wọ́n sì ṣe ní kó dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn náà, kò fi mí sílẹ̀, ni dókítà bá ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ obìnrin ni dókítà náà, kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń yí lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ róbótó kan láti ibí dé ọ̀hún.

"Bàbá, màá fún yín lábẹ́rẹ́ kékeré kan kí ibẹ̀ lè kú, kẹ́ ẹ má baà mọ ìrora. Oògùn wo lẹ̀ ń lò nílé, kí tèmi má lọ bá a jà?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru," ni Ẹlẹ́nu Wúrà sọ.

Ọ̀rọ̀ náà fò jáde fúnra rẹ̀. Mo rí i tí ojú òun alára yí padà. Ohun tó ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ló ti gbọ̀nà dé ẹnu, kò dúró gba àṣẹ.

Dókítà ní bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àfi kí àwọn kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, torí abẹ́rẹ́ náà lè tì í sókè. Ohùn Òkè wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ẹ̀rọ fẹ́, ó tú. Dókítà wò ó, ó ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Ó tún wò ó.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín dára ju tèmi lọ. Kí lorúkọ oògùn yìí? Èmi náà máa fẹ́ lò ó."

Àwàdà ló fi ṣe. Ẹlẹ́nu Wúrà gbójú sókè wò mí. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń wí. Bí mo bá ní "àgbo ló ń mu," ọ̀rọ̀ parí. Irọ́ náà ti dé ètè mi, ó ti ṣe tán, ó sì rọrùn láti sọ. Mo gbé e mì. Òótọ́ náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ohùn Òkè dúró tì wá pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì. Mo dákẹ́.

"Dókítà," ni Ẹlẹ́nu Wúrà wí, "kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. HIV ni. Oògùn rẹ̀ ni mò ń lò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n máa lọ, ẹ sọ fún mi, màá lọ. Ẹ má ṣáà sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́."

Ohùn Òkè yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Dókítà fi ẹsẹ̀ ti àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́," ó ní. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Omi ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ojú Ẹlẹ́nu Wúrà wọ etí, nítorí pé ó dùbúlẹ̀. Dókítà kò kánjú. Ó fún un ní tíṣù, ó dúró, lẹ́yìn náà ló bi í ní orúkọ oògùn náà gan-an, ìgbà tó ṣe àyẹ̀wò gbẹ̀yìn, àti ohun tí wọ́n rí. Ẹlẹ́nu Wúrà dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ní ó dáa, kó ya ẹnu.

Ohùn Òkè padà dé láti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti ń fa ìbọ̀wọ́ kejì wọ̀ lé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹyọ kan tó. Bí mo ṣe tọ́jú ẹni tó jáde lẹ́ẹ̀kan ni màá ṣe tọ́jú bàbá. Èmi ò mọ ohun tó wà lára onítọ̀hún náà, kò sọ fún mi. Ohun tá a bá sì gbọ́ nínú yàrá yìí, ibí ló ń sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ohùn Òkè wí. Ó bọ́ ìkejì.

Mi ò ní ṣàpèjúwe ohun tó jáde nídìí eyín ọ̀hún. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Ohun tí mo rántí ni pé Ohùn Òkè ló di orí rẹ̀ mú, tí ó ń fi rọ́bà fa omi ẹnu rẹ̀, nígbà tó sì yá, mo rí àtàǹpàkò obìnrin náà tó ń lọ tó ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí a ti ń ṣe fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà wá sọ pé gbòǹgbò eyín náà ti jẹrà. Ọ̀pọ̀ dókítà ni ì bá kàn yọ ọ́. Ẹlẹ́nu Wúrà gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹnu rẹ̀ ti kú, kò lè sọ̀rọ̀, ó wá na ìka mẹ́ta sókè, ó ń tẹ afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì. Mo bá a sọ ọ́ pé fèrè ló ń fọn, eyín yẹn ló sì gbé e ró. Dókítà ronú, ó ní bó bá ń bọ̀ nígbà mìíràn, kó gbé fèrè náà dání.

Ó gbé e lọ. Dókítà ní kó fọn ọ́n níbẹ̀, lórí àga, ó sì fi ojú tó ètè rẹ̀ láti mọ ibi tí ẹnu fèrè ń tẹ̀. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì níta lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó kan tó jókòó tì mí dìde dúró. "Ṣé eyín ló ń ké báyẹn?" ó bi mí. Mo ní rárá, fèrè ni. Ó ní fèrè kẹ̀, nílé eyín, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ, mi ò mọ̀ bóyá ó padà wá.

Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Dókítà fọ inú gbòǹgbò náà, ó dí i, ó rẹ́ etí eyín náà díẹ̀ kí ìwúwo fèrè lè bọ́ sórí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eyín náà dúró.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó fọn fèrè padà, ohùn náà gòkè, ó kọjá ibi tó ti ya lọ́jọ́sí, ó sì dúró lókè níbẹ̀ láìmì. Mo gbàgbé láti fọn tèmi nígbà tó kàn mí. Ọ̀gá ẹgbẹ́ fi ojú jó mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà mo rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lẹ́yìn àdúrà mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè gbé méjèèjì síwájú Rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ọwọ́ ọmọdébìnrin yẹn ni Ó rán. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ta ló rán àwọn tó ní ẹ̀rọ bàjẹ́? Mo dì í mọ́nú, mo ń fọn fèrè mi lọ.

Nígbà tí ìsìn parí, Ohùn Òkè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní, "Ẹnu ńkọ́, sà?" ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́nu Wúrà gbé ẹ̀rín náà lọ sílé, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí gìgísẹ̀ bàtà. Ẹ̀rín ìkíni ni, àbí ẹ̀rín ẹni tó ti sọ ọ́? Ọ̀sẹ̀ kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan. Síbẹ̀, bí akọrin méjì bá forí kan orí, á rò pé òun ni wọ́n ń sọ. Mo sọ fún un pé obìnrin náà ti pa á mọ́, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ẹlòmíràn, kò lè sùn títí onítọ̀hún á fi sùn.

Ní ọ̀sán kan, mo tẹrí ba wọ ìsọ̀ rẹ̀. Kò ní kí n dìde. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó nu àga fún mi.

Ó ní ìyá òun lọ̀rọ̀ kàn. Ìyá Àgbà ń jókòó ní iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ àwọn akọrin gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá máa jáde lọ́jọ́ kan, yálà lónìí tàbí ní ọdún mẹ́wàá sí i, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já sí, òun ò sì fẹ́ kí ìyá tó bí òun gbọ́ ọ lẹ́nu èrò. Ó ti gbìyànjú láti sọ ọ́ fún un lánàá. Ṣùgbọ́n etí ìyá ti di, ohùn tirẹ̀ sì tín-ín-rín bíi ti fèrè rẹ̀. Ó ní, "Màámi, oògùn tí mò ń lò yìí." Ìyá ní, "Hẹ̀n?" Ó gbé ohùn sókè. Ìyá ní, "Hẹ̀n?" Ó tún gbé e sókè, ará ilé kejì sì ṣí fèrèsé. Ló bá kígbe pé, "Ọ̀rọ̀ oògùn ni." Ìyá wá mi orí, ó ní, "O ti lò ó? Ó káre."

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́.

"Ohùn yín ló máa ń gbọ́," ó ní. "Ó ti sọ fún mi. Ó ní bí pásítọ̀ bá ń wàásù, ẹnu rẹ̀ nìkan lòun ń rí, ṣùgbọ́n bí Alàgbà bá sọ̀rọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wọlé. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un, Alàgbà. Ẹ jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, etí yẹn ló sàn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì rẹ ohùn sílẹ̀ kó má baà jáde síta. Màá wà níwájú rẹ̀, màá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kó lè máa wo ojú mi bẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé ó ti pẹ́, pé mò ń jẹun, mò ń ṣiṣẹ́, pé mi ò ní kú mọ́ ọn lójú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, á rò pé ẹnì kan ti kú. Ṣé ẹ lè bá mi ṣe é lọ́la?"